Stationery àbí stationary? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọra létí

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn: báńà, ìwé ìpè, káàdì, pátákó ojú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń dà wá láàmú jù báyìí kọjá ọ̀rọ̀ iná àti owó yíǹkì. Gẹ̀ẹ́sì tí oníbàárà ń kọ ránṣẹ́ ni. Ẹnìkan á ní ká tẹ "Stationary and Book Centre" sára pátákó òun. Òmíràn á ní "House for Sell". Ẹni tó fẹ́ káàdì á kọ "complementary card" sórí WhatsApp. Àwọn ọmọ tó ń ṣe díṣáìnì lọ́dọ̀ mi á sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. "Stationary" wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, "sell" wà níbẹ̀, "complementary" náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ á ní ọ̀rọ̀ ti pé, ó tán.

Bí iṣẹ́ bá wá jáde tán, tí ọ̀mọ̀wé kan kọjá níwájú pátákó tó rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ̀ wa ni oníbàárà máa padà wá bá jà. Ìbéèrè mi ni pé, báwo lẹ̀yin ṣe ń ya àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, lọ́nà tí ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì náà fi lè lò ó? Mo ti ní kí àwọn ọmọ máa ka iṣẹ́ sókè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan kan padà.

Ọ̀rọ̀_Ò_Dùn
Ẹ tẹ ohun tí wọ́n bá kọ, kí ẹ gbowó yín. Kóòtù tí à ń wọ̀ àti kóòtù tí wọ́n ti ń dájọ́, ẹnu kan náà la fi ń pè wọ́n, mi ò sì tíì rí ẹni tó wọ ilé ẹjọ́ sọ́rùn lọ òde.

Ìyá_Ìbejì_Èkó
@Ọ̀rọ̀_Ò_Dùn, ẹ ṣé. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ yín ní ìkọkúkọ sórí káàdì ìkómọ, ṣé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó sanwó pátákó fẹ́ kí àwọn èèyàn fojú iyì wo òun ni. Atẹ̀wé, mo wà lẹ́yìn yín.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Ẹ kú iṣẹ́ o, Atẹ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣàjèjì sí mi.

Ìdí tí kíkà sókè kò fi ràn yín lọ́wọ́ ni pé "stationary" àti "stationery", ohùn kan náà ni lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Kò sí ohun tí etí fẹ́ bá yín ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "their" àti "there", "principal" àti "principle", "complement" àti "compliment". Ṣùgbọ́n ẹ wo "live" àti "leave", "fill" àti "feel", "advice" àti "advise". Wọ́n ń pe àwọn yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé wọn. Ẹnu àwa Yorùbá ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn kan sì tún wà tí ohùn wọn ò jọ rárá, tó jẹ́ pé ojú ló ń kó wọn pọ̀: "quiet" àti "quite", "angel" àti "angle". Irú ìkẹta yìí nìkan ni kíkà sókè wúlò fún. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ méjì bá ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ yín lójú, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè bóyá etí ló dà á rú, àbí ẹnu, àbí ojú.

Fún irú àkọ́kọ́, ẹ fi Yorùbá ṣe àmì ìrántí. Èyí tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé kalẹ̀ kì í pẹ́ nínú orí ọmọ wa. Lẹ́tà e ló parí "ìwé", e náà ló wà nínú "stationery" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé àti gègé. Lẹ́tà a ló parí "ọ̀gá", a náà ló wà lẹ́yìn "principal" tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ìlànà ni "principle". "Ìyìn" kún fún i, "compliment" tó jẹ́ ìyìn ń lo i láàárín. Káàdì tí ẹ sọ yẹn, i ni kí ẹ fi sí i. Èyí tó ń lo e, "complement", jẹ́ ohun tó mú nǹkan pé, bíi "complete".

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, owó tí mo yá ní báńkì ńkọ́? Wọ́n kọ "principal" àti "interest" sínú ìwé. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ojú owó tí ẹ yá ni ọ̀gá, èlé ló ń tẹ̀ lé e kiri. Lẹ́tà a náà ṣì ni.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun, bàbá. Ó ti wọlé.

Èmi fẹ́ fi ti h kún un. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé h mì, a sì tún máa ń pọ̀ ọ́ síbi tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni "has" ṣe ń di "as" nínú ìwé, tí "his" ń di "is", tí "hand" ń di "and". Mo rí i nínú ìwé ìpè kan láìpẹ́: "The family as invited you". Kọ̀ǹpútà kọjá lọ wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀_Ò_Dùn
Ẹ dákẹ́ ti h ná, ẹ jẹ́ kí ará Ìbàdàn pe "ship" fún wa.

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bú ìlú wa o! Sé ohun tí mo béèrè nìyẹn? 😂

Ìyá_Ìbejì_Èkó
"Sé" ló kọ o. Ẹ ti rí i báyìí.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ ohùn kan ní ọ̀nà méjì? "See" àti "sea", "meet" àti "meat". Àwọn ìbejì mi ń bi mí, mo sì ń fi "ẹ lọ sùn" dáhùn.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Ìbéèrè àwọn ìbejì dára. Nígbà kan rí, wọn kì í ṣe ohùn kan. "Meet" àti "meat" yàtọ̀ síra lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn, wọ́n sì ń pe k tó wà níwájú "knight" jáde ketekete. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster lọ́dún 1476, láti ìgbà yẹn lọ ni ìkọsílẹ̀ ti ń dúró sójú kan díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ò dúró ní tirẹ̀. Fáwẹ̀lì wọn ń yí padà láti nǹkan bí ọdún 1400 títí di bí ọdún 1700. Ohun tí a ń kọ lónìí, ohùn àná ló pọ̀ nínú ẹ̀. Iṣẹ́ yín ló dá a sílẹ̀, Atẹ̀wé!

Ohun kan sì wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àgbàlagbà tó kàwé, máa ń ṣi "your" kọ fún "you're" àti "its" fún "it's" lójoojúmọ́, torí etí ni wọ́n fi kọ́ èdè wọn kí wọ́n tó mọ ìwé. Wọn ò jẹ́ kọ "This is where I leave" nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ibi tí wọ́n ń gbé láéláé. Àwa ló ń kọ ìyẹn. Ẹ wo àṣìṣe tó wà nínú lẹ́tà kan dáadáa, ẹ máa mọ ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé tọ ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Èkó
Ẹ tú "its" àti "it's" yẹn palẹ̀ fún mi. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń mú ọ̀kan kí n sì gbàdúrà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Ẹ rántí ìwé orin àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ "l'oke" fún "ní òkè" àti "n'nu" fún "nínú". Àmì kékeré yẹn ń sọ pé lẹ́tà kan ti jábọ́ níbẹ̀. Òun náà ló wà nínú "it's": "it is" tàbí "it has" ni. Bí ẹ bá fi "it is" tàbí "it has" rọ́pò tí gbólóhùn náà ṣì ń lọ geere, ẹ fi àmì sí i. Bí kò bá lọ, "its" lásán, tó túmọ̀ sí tirẹ̀. "You're" àti "they're", ẹ yẹ̀ wọ́n wò báyìí náà.

Nọ́ọ̀sì_Ìlú_Ọba
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Níbi iṣẹ́ tèmi ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín. Ẹ wo "fifteen" àti "fifty". Ẹnìkan pe ìwọ̀n oògùn lórí fóònù, miligíráàmù 15, ẹlòmíràn gbọ́ 50. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti pe nọ́ńbà ní ẹyọ ẹyọ, "one five", "five zero", kí ẹni tó gbọ́ sì tún un pè padà kí á tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún àwa Yorùbá, ohùn ló rọrùn jù láti fi dá a mọ̀. "Fifteen" ń lọ bíi dò-mí, ó gùn lẹ́yìn, imú sì ló parí ẹ̀. "Fifty" ń lọ bíi mí-dò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wá láti ilé, báyìí ni mo ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, kíá ló sì ń yé wọn. Bákan náà ni "thirteen" àti "thirty", "fourteen" àti "forty", títí dé òkè. Síbẹ̀ náà, bó bá ti kan oògùn, "one five" ni.

Méjì kan tún wà tí ẹ ò ní rí lára pátákó: "dysphagia" àti "dysphasia". Àìlègbé oúnjẹ àti omi mì dáadáa ni èkínní. Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ yé ẹni di ìṣòro. Méjèèjì lè tẹ̀ lé rọpárọsẹ̀, nítorí náà aláìsàn kan náà lè ní ọ̀kan tàbí kó ní méjèèjì, ẹ ò sì lè fi àìsàn tó ṣe é mọ èyí tí dókítà ní lọ́kàn. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan kọ fún èkejì, wọ́n lè gbé oúnjẹ líle fún ẹni tó máa há lọ́nà ọ̀fun. Ohun tí mo fi há a sórí ni pé g wà fún "gbé mì", s wà fún "sọ̀rọ̀". Ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ti ń lo "aphasia" fún ti ọ̀rọ̀ sísọ báyìí, kí ó lè jìnnà sí èyí tó jẹ́ ti ọ̀fun.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
G fún gbé mì, s fún sọ̀rọ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa rí èyí lálẹ́ òní.

Bàálù_Ń_Lọ
Mo ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ jẹ́ kí n gbè lẹ́yìn ẹnu Yorùbá díẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń pe "three" bíi "tree": bẹ́ẹ̀ gan-an ni ICAO, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ní kí á máa pè é lórí rédíò. "Tree" ni 3. "Fife" ni 5. "Tousand" ni 1,000. "Niner" ni wọ́n ń pe 9, kí ó má bàa jọ 5 létí. Ariwo rédíò máa ń gbé th àti v mì, ọ̀pọ̀ èdè ayé ò sì ní wọn. Awakọ̀ òfurufú tó bá fẹnu Yorùbá pe 3 àti 5 ti pè é bó ṣe wà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jọra ti pa èèyàn nídìí iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1989, Boeing 747 akẹ́rù kan, Flight 66 ti Flying Tiger, ń bọ̀ láti Singapore, ó fẹ́ balẹ̀ ní Kuala Lumpur. Ẹni tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sọ fún wọn pé "descend two four zero zero", ìyẹn kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé 2,400 ẹsẹ̀ bàtà. "Two" àti "to", ohùn kan ni. Wọ́n gbọ́ ọ bíi "to four zero zero", ọ̀gá awakọ̀ sì dáhùn pé "four zero zero", ẹni tó wà nílẹ̀ ò sì fura. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí 400 níbi tí òkè wà. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú ẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan kọ́ ló fà á, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kìlọ̀ fún wọn pé ilẹ̀ ti súnmọ́, wọn ò kọbi ara sí i. Àmọ́ "two" tí wọ́n gbọ́ bíi "to" wà nínú ohun tó gbé wọn dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀_Ò_Dùn
Háà. Ó dáa, mo gba ọ̀rọ̀ mi ti òkè yẹn padà díẹ̀. Díẹ̀ o.

Houston_Dé
Ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ fi ti orílẹ̀-èdè kún un o. Níbí ní Amẹ́ríkà, "practice" ni wọ́n ń kọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n sì ń kọ "license" fún méjèèjì. Ní Nàìjíríà, tó jẹ́ ti Ìlú Ọba là ń tẹ̀ lé, c ni ti ọ̀rọ̀ orúkọ, s ni ti ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín bá wà lórí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, á máa fa ìlà pupa sábẹ́ "licence" tó tọ̀nà. Ẹ yí i sí "UK" nínú sẹ́tín-ìn-nì.

"Advice" àti "advise" ò yí padà níbikíbi.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Òótọ́ ni Houston_Dé sọ. Ó sì mú mi dé irú kejì tí mi ò tíì fọwọ́ bà dáadáa, èyí tí ẹnu wa sọ di ọ̀kan. Yorùbá ò ní v, kò ní z, kò ní th, kò ní ch. Nítorí náà "van" bọ́ sí "fan", "prize" bọ́ sí "price", "thank" bọ́ sí "tank", "chop" bọ́ sí "shop". Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 la ní. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé ní bí 20. I wa kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù "ship" àti "sheep", u wa kan ló ń ru "full" àti "fool". Gígùn àti kíkúrú nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ wọn o, bí ọ̀pọ̀ tíṣà ṣe ń sọ. I inú "ship" máa ń rọ ẹnu, ó ń fà lọ sí ìhà e díẹ̀.

Ní ti WAEC, Paper 3 ni Test of Orals. Inú ń bí mi sí bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ á há ìwé sórí, á fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, á sì yege láìgbọ́ ohùn kankan rí. Ìbéèrè 60 ni Use of English JAMB náà ní, ohùn wà lára ẹ̀, ojú lásán ni wọ́n sì fi ń dáhùn òun náà.

Àmọ́ ti Atẹ̀wé ò le tó bẹ́ẹ̀, torí kíkọ ni iṣẹ́ tirẹ̀, kò ní pe ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí àwọn ọmọ fi Yorùbá yẹ gbólóhùn wò. Bí ẹ bá lè sọ pé "ìmọ̀ràn", c ni. Bó bá jẹ́ "gba nímọ̀ràn", s ni. "Títà" ni "sale", "tà" ni "sell", nítorí náà ilé tó wà fún títà, "for sale". Yorùbá tilẹ̀ ní e àti ẹ láti fi ya "sale" àti "sell" sọ́tọ̀ lẹ́nu, ẹni tó ń ṣì í kọ kò ní àwáwí kankan. "Gbé" ni "live", "kúrò" ni "leave". "Ju... lọ" ni "than", "lẹ́yìn náà" ni "then". "Lose" ti sọ o kan nù, "loose" ṣì ní méjèèjì.

Ìyá_Ìbejì_Èkó
"Been" àti "being"? "I have being sick", gbogbo ẹgbẹ́ òbí ilé ìwé wa ló ń kọ ọ́.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
"Ti" ni "been", "ń" ni "being". "Have", "has" àti "had" ló ń bá "been" rìn. "Am", "is", "are", "was" àti "were" ló ń bá "being" rìn. "I have been sick", mo ti ṣàìsàn. "The road is being repaired", wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe lọ́wọ́. Ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ òbí kan náà pé "Am fine" kò tó, "I'm" ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìlú_Ọba
Ẹ fi "quiet" àti "quite" kún ti àwọn ọmọ Atẹ̀wé. Ìyẹn ni mo máa ń bá jù nínú ìwé ìfiṣẹ́lé láàárọ̀: "Patient was quite all night". Kíkà sókè ló ń mú un, torí síílébù méjì ni "quiet".

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Tíṣà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Mo ti ní kí ọmọ tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn kọ "ìwé, ọ̀gá, ìyìn" gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú "títà" àti "ìmọ̀ràn". Mo ti yí ẹ̀rọ sí "UK". Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oníbàárà kankan ò ní kúrò láìfọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò, tí a máa fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ tí a fura sí po. Bó bá ní "Stationary" lòun fẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé, kó buwọ́ lù ú.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Èyí dáa. Àwọn kan á buwọ́ lù ú náà ni, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá
Ọ̀kan tilẹ̀ ti ṣe é lónìí. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù bàbá òun nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò sì ní yí i. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀_Ò_Dùn
Mo ní bẹ́ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ báńà, eélòó ni báyìí? Ìyàwó mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọjà. Ẹ fi iye rẹ̀ sí inbox, kí ẹ sì bá mi wo Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dáadáa.